Ìwúwo Ẹrù Ló Ń Yan Táyà: Ohun Tí Mo Ti Kọ́ Lórí Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Fa Tírélà

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ẹ tó ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Lára òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ìwé pélébé kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ síbẹ̀. Lórí rẹ̀ lẹ ó ti rí ìwọ̀n táyà tó bá ọkọ̀ wá, iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú tiwájú àti tẹ̀yìn nígbà tí táyà bá tutù, àti nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ GAWR sí. Ọ̀kan jẹ́ ìwúwo tó pọ̀ jù tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbé, èkejì jẹ́ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń kọ sílẹ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà táyà.

Àwa Yorùbá tó wà ní Houston àti Dallas mọ iṣẹ́ tí irú ọkọ̀ yìí ń ṣe dáadáa. Ford F-250, Ram 2500, Silverado 2500HD: òun ni wọ́n fi ń lọ gbé ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo, òun náà ló ń fà wọ́n lórí tírélà lọ sí èbúté tí wọn yóò ti gbé wọn sọdá sí Èkó. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ báyìí, tí wọ́n bá fi ojú ẹwà yan táyà fún un, ojú títì ni yóò ti gbẹ̀san.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní GAWR ẹ̀yìn jẹ́ 6,200 pọ́ùn. Táyà méjì ló wà lẹ́yìn, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbé 3,100 pọ́ùn, ó kéré tán. LT245/75R17 tó ní nọ́ńbà 121 lára lè gbé 3,195 pọ́ùn nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé 80 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Ó kọjá o, ṣùgbọ́n 95 pọ́ùn péré ló fi kọjá. LT275/70R18, nọ́ńbà 125, ń gbé 3,640. LT275/65R20, nọ́ńbà 126, ń gbé 3,750. Nọ́ńbà 121, 125 àti 126 wọ̀nyí, tó ń tọ́ka sí ìwúwo tí táyà lè gbé, wà lára táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ méjì, bíi 121/118. Èyí àkọ́kọ́ ni fún ọkọ̀ tó ní táyà kan-kan lẹ́yìn. Èkejì, tó kéré sí i, ni fún ọkọ̀ tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn, torí pé táyà méjì tó dúró ti ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pín ẹrù ní dọ́gbadọ́gba.

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú ìwọ̀n pẹ̀lú. LT ni ti ọkọ̀ ẹrù. P, tàbí èyí tí kò ní lẹ́tà kankan níwájú, ti ọkọ̀ èrò ni. P265/70R17 tó ní nọ́ńbà 113 kọ 2,535 pọ́ùn sí ara. Bí wọ́n bá dè é mọ́ píkọ́ọ̀pù, òfin ní kí ẹ fi 1.10 pín iye yẹn, ó sì di 2,304. Táyà méjì kò tó 4,610. Fi èyí wé 6,200 tí ìwé ara ilẹ̀kùn kọ. Síbẹ̀, irú táyà bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ríìmù 17 wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì rọjú lówó. Ẹni tó kàn béèrè “táyà 17” lè bá a lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Mo ti rí i lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní àgbàlá alágbàtà, tó ń dán bí ẹni pé kò sí ohun tó burú.

Lẹ́yìn LT, ẹ wá lẹ́tà tó ń sọ agbára ìkùn táyà. C kì í kọjá 50 psi, D kì í kọjá 65, E sábà máa ń dé 80, F sábà máa ń dé 95. Àwọn àgbà ṣì ń pe E ní “táyà 10 ply”, orúkọ ayé àtijọ́ ni. Kò sí ìpele mẹ́wàá nínú rẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé táyà kan náà, orúkọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, lè wà ní C àti ní E. LT265/70R17 ní C ń gbé 2,470 pọ́ùn. Ní E, ó ń gbé 3,195. Àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀kan, iye owó wọn kò sì jìnnà síra. Ẹni tó bá kàn tẹ èyí tí owó rẹ̀ dín díẹ̀, C ni wọn yóò kó wá fún un.

Ọ̀rọ̀ táyà ńlá ló kàn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn 35x12.50R20, táyà ọkọ̀ ẹrù tó ga ní nǹkan bí ínṣì 35 (ẹ̀yìn ìwọ̀n ni LT tirẹ̀ máa ń wà). Ó ga, ó fẹ̀, ó ń fún ọkọ̀ ní ìdúró akọni. Ojú ló ń sọ fún ènìyàn pé táyà tó tóbi jù ni yóò gbé ẹrù jù, irọ́ sì ni. 35x12.50R20 tó jẹ́ E sábà máa ń ní nọ́ńbà 121: 3,195 pọ́ùn, ní 65 psi. Ẹ ka 65 yẹn dáadáa, kì í ṣe 80. LT275/65R20 tí wọ́n tú kúrò kí wọ́n tó de èyí ń gbé 3,750. Méjì-méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti já wá láti 7,500 sí 6,390. Bí ìwé ara ilẹ̀kùn bá kọ 7,000 sí GAWR ẹ̀yìn, bó ṣe wà lára àwọn F-350 kan, táyà tuntun olówó iyebíye ti sọ ọkọ̀ di aláìlágbára, kò sì sí iná kankan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tí yóò tàn láti sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀, tó wá fi 80 psi sínú rẹ̀ bó ṣe máa ń fi sínú ti àtijọ́, ti fi 15 psi kọjá ohun tí wọ́n kọ sí ara táyà. Bó bá ṣe pé dandan ni 35, ẹ wá F: nọ́ńbà 125, 3,640 ní 80 psi. Ó wúwo, ó le bí igi lábẹ́ ọkọ̀ tí kò rù nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹrù.

Gíga táyà kì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. LT275/70R18 ga ní 33.2 ínṣì, LT285/75R18 ga ní 34.8. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 5 nínú 100. Nígbà tí gééjì ìsáré bá ń sọ 60 máìlì ní wákàtí kan, 63 lẹ ń sá. Ẹ́ńjìnì náà yóò máa fa ẹrù bí ẹni pé wọ́n ti yí jíà ẹ̀yìn 3.73 padà sí nǹkan bí 3.55, gíábọ́ọ̀sì á máa gbóná lórí òkè, bíréèkì á sì ní kẹ̀kẹ́ tó wúwo jù láti dá dúró. Wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà tún gééjì ṣe. Ìyókù, ẹ ó máa san án nídìí epo.

Ìwé ara ilẹ̀kùn sọ ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Ohun tó ń gbé gan-an, òṣùwọ̀n nìkan ló lè sọ ọ́. Àwọn ibùdó epo onítírélà káàkiri Amẹ́ríkà ní òṣùwọ̀n CAT Scale, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ di ẹrù yín bẹ́ẹ ṣe máa ń dì í, kí táǹkì kún, kí àwọn tó máa ń bá yín lọ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ sì gùn ún. Ìwé tí wọ́n máa fún yín yóò ya ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti tírélà sọ́tọ̀. Tírélà gooseneck, èyí tí wọ́n ń so mọ́ àárín pẹpẹ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, máa ń gbé nǹkan bí 15 sí 25 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lé ọkọ̀ lórí. Bí tírélà àti ọkọ̀ orí rẹ̀ bá jẹ́ 14,000 pọ́ùn, tí ó sì gbé 20 nínú 100 lé yín, 2,800 pọ́ùn nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń rù ú tán. Fi 3,000 tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ kún un, ó di 5,800. Nígbà náà lẹ ó mọ̀ pé 6,200 kì í ṣe nọ́ńbà inú ìwé lásán. Tírélà tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ ní tirẹ̀ máa ń gbé 10 sí 15 nínú 100 lé e, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ orí tírélà bá sún sẹ́yìn jù, iwájú tírélà á fúyẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì. Kò sí táyà tó lè wo ìyẹn sàn.

Lórí afẹ́fẹ́, àríyànjiyàn rẹ̀ kì í tán. Àwọn kan ń fi 80 psi sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, torí pé 80 ni wọ́n rí lára táyà. Èyí tó wà lára táyà kò sọ pé 80 ni kí ẹ fi rìn nígbà gbogbo. Ó ń sọ pé ní 80 ni táyà lè gbé ìwúwo tó kọ. Ẹ wo LT245/75R16 E, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́: ní 50 psi ó ń gbé 2,205 pọ́ùn, ní 65 ó ń gbé 2,623, ní 80 ó ń gbé 3,042. Gbogbo ìwọ̀n ló ní irú tábìlì yìí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọkọ̀ tí kò rù nǹkan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 3,000 pọ́ùn, 1,500 ló wà lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi 80 sínú rẹ̀, àárín nìkan ni yóò máa tẹ ilẹ̀, àárín náà ni yóò jẹ tán, nígbà òjò á sì máa yọ̀ ní oríta. Èmi máa ń tẹ̀ lé ìwé ara ilẹ̀kùn bí ẹrù bá wà. Bí kò bá sí, mo máa ń dín ti ẹ̀yìn kù, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ju ohun tí tábìlì sọ fún ìwúwo tó wà lórí rẹ̀, mo sì máa ń fi díẹ̀ lé e. Ti iwájú kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ẹ́ńjìnì dísù wúwo, yálà ẹ rù tàbí ẹ kò rù, orí ẹsẹ̀ iwájú ló wà.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́, kí ọkọ̀ tó sún, tàbí lẹ́yìn tó ti dúró fún wákàtí 3 ó kéré tán. Táyà tó ti rìn á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì ga sókè. Ẹni tó bá tú u jáde nítorí ìyẹn ti ń fi táyà tó rọ̀ rìn láìmọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10°F tutù sí i, táyà tó wà ní 80 á já wá sí nǹkan bí 78. Ìdí nìyí tí iná táyà fi máa ń tàn ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí òtútù bá dé. Iná yẹn náà, ẹ má gbọ́kàn lé e jù. Òfin tó sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tí kò ju 10,000 pọ́ùn lọ láti ọdún 2007 sọ pé kó tàn bí afẹ́fẹ́ bá fi 25 nínú 100 dín. Fún 80, 60 nìyẹn. Kó tó tàn, táyà tó ru ẹrù ti ń sun láti inú. Ooru ló ń pa táyà: ẹrù tó pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó kéré jù àti eré tó pọ̀ jù ń pàdé níbi kan ṣoṣo, ibi tí rọ́bà ti di wáyà mú. Bí ibẹ̀ bá jọ̀wọ́, eyín táyà á bọ́ ní odidi, á sì na ara ọkọ̀ bí ẹgba. Oṣù kẹjọ ní Texas kì í dárí ji ẹnikẹ́ni lórí èyí. Ẹ ra gééjì tó dé 100 psi. Ti ọkọ̀ kékeré tó parí sí 50 kò wúlò níbí.

Eyín táyà ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti jiyàn lé lórí jù, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé òpópónà I-10 àti I-45 ló ń rìn lójoojúmọ́, táyà ojú ọ̀nà ọ̀dà ló tó o: ó dákẹ́, ó pẹ́, ó ń di ilẹ̀ tútù mú dáadáa, Firestone Transforce HT àti Michelin LTX sì wà nínú irú rẹ̀. Ẹni tó ń wọ àgbàlá gbàǹjo tí wọ́n kò da ọ̀dà sí, tí òjò máa ń sọ di ẹrọ̀fọ̀, kó mú ti ilẹ̀ gbogbo, tí wọ́n kọ A/T sí. Ti ẹrọ̀fọ̀ pọ́nńbélé, M/T, ṣe fún oko àti igbó. Lórí ọ̀nà ọ̀dà á máa ké bí ọ̀kẹ́rẹ́, eyín rẹ̀ gíga á máa mì lábẹ́ ẹrù, á gbóná, á sì yára jẹ. Ẹ má retí kí ẹ rí nọ́ńbà “treadwear”, tó ń sọ bí eyín ṣe máa pẹ́ tó, lára táyà LT. Òfin kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà iye máìlì tí wọ́n fi ṣe ìdúró rẹ̀ nìkan lẹ lè fi wé ara wọn. Àwọn tó wà ní Chicago àti Minnesota, ẹ wá àwòrán òkè olórí mẹ́ta tó ní yìnyín láàárín. M+S (ẹrọ̀fọ̀ àti yìnyín) nìkan kò tó, torí pé kò sí ìdánwò yìnyín kankan tí wọ́n fi ń fún táyà ní lẹ́tà yẹn.

Nígbà wo ló yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀? Òfin Texas sọ pé ìjìn eyín kò gbọdọ̀ kéré sí 2/32 ínṣì. Fún ẹni tó ń fa tírélà nínú òjò, mo gbà pé 4/32 ti tó ìkìlọ̀. Ẹ fi owó ẹyọ sẹ́ńtì 25 ti Amẹ́ríkà bọ àárín eyín, kí orí George Washington dojú kọlẹ̀; bí òkè orí rẹ̀ bá hàn gbangba, ó ti lọ sísàlẹ̀ 4/32. Ọjọ́ orí náà ń pa táyà, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ga. Ẹ wá àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ford sọ pé ọdún 6, Michelin sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 10. Ibí yìí ni táyà tòkunbọ̀ ti ń tan àwọn ará ilé jẹ: eyín ga, ojú ń dán, ṣùgbọ́n rọ́bà ti gbẹ láti inú. Bí DOT ò bá hàn lápá ìta, ẹ wo apá inú, apá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ odidi rẹ̀ sí.

Kí ẹ tó san owó tuntun, ẹ ka bí ti àtijọ́ ṣe jẹ. Etí méjèèjì jẹ, àárín ṣẹ́kù: afẹ́fẹ́ kéré. Àárín jẹ: ó pọ̀ jù. Etí kan péré: aláìmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ ní kọ̀ǹkọ̀-kọ̀ǹkọ̀ bí ojú àdúgbò tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì. Àwọn Ford Super Duty (F-250, F-350) àti Ram 4x4 tí iwájú wọn jẹ́ irin kan gbọọrọ máa ń gbọ̀n jìgìjìgì ní eré 55 bí wọ́n bá kọjá kòtò. Táyà tuntun á bo ìgbọ̀n náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò ní wò ó sàn. Ẹ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, tai-rọ́ọ̀dù àti irin tó ń di iwájú mú ní ẹ̀gbẹ́ wò.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè ohun tí wọn kò ní fẹ́nu ara wọn sọ. Ríìmù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní ìwúwo tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Táyà 3,640 lórí ríìmù 2,500, 2,500 lẹ ní. Fáàfù rọ́bà lásán, TR413, kò gbọdọ̀ kọjá 65 psi, nítorí náà ẹ gba ti irin tàbí ti rọ́bà tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ gíga. Nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ kò ṣe é fi ìbọn afẹ́fẹ́ nìkan dì. Ford Super Duty ń fẹ́ agbára ìdì 165 lb-ft, Silverado HD ń fẹ́ 140, ẹ wo ìwé ọkọ̀ tiyín. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 máìlì, ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára tún un yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 4x4, ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bí owó ò bá tó, ẹ má jẹ́ kí gíga eyín tiwájú àti tẹ̀yìn fi ju 2/32 yàtọ̀ síra. Gíábọ́ọ̀sì 4x4 ni yóò jìyà rẹ̀. Fún ọkọ̀ táyà mẹ́rin lẹ́yìn, èyí tó dúró ti ara wọn kò gbọdọ̀ fi ju 1/4 ínṣì yàtọ̀ ní gíga. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó ga ni yóò máa gbé ẹrù fún èkejì.

Ìṣó ni àrùn àgbàlá gbàǹjo. Ihò tí kò ju 1/4 ínṣì lọ, tó wà láàárín eyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n fi èyí tó ní èdídí (plug) àti àlẹ̀mọ́ (patch) pọ̀ dí i láti inú. Okùn rọ́bà tí wọ́n ń gún bọ̀ ọ́ láti ìta á gbé yín délé, kò yẹ kó gbé 2,900 pọ́ùn ní eré 70. Etí àti ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣe é dí rárá.

Sípíà táyà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ní láti bá mẹ́rin yòókù dọ́gba ní ìwọ̀n àti ní lẹ́tà E. Ẹ ka DOT tirẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wáyà tó gbé e má baà dípẹtà, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, títú afẹ́fẹ́ jáde rọrùn. Fífi kún un kò rọrùn.